ILÉ TÍ WỌ́N Ó TÚ LÁLẸ́ ỌJỌ́ ÀÌKÚ

Bí ọmọ yín bá wọlé dé lónìí, tí ó sì wí pé, "Dádì, iṣẹ́ orí ìtàgé ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì," kí ni ẹ ó sọ fún un? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ́kọ́ dákẹ́. A ó wo ojú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá béèrè bóyá kò rí ìmọ̀ ìṣègùn, tàbí òfin, tàbí ìṣirò owó nínú ìwé tí wọ́n fún un ni. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí náà ti wà nínú irú rẹ̀ rí. A fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ràn kan ní ọdún 2022, a sì ní láti lọ bẹ ọmọ náà ní ọdún 2025. Ìtàn náà nìyí. Bóyá yóò ran ìdílé kan lọ́wọ́.

ÌPÈ ÌDÁJÍ

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, arákùnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà èwe wa pè wá lórí fóònù láti ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Aago márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ wa. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Kò tilẹ̀ kí wa tán.

"Pásítọ̀, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i níléèwé. Wọ́n ní máàkì rẹ̀ ti wálẹ̀, bí kò bá sì gòkè ní sáà tó ń bọ̀, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú Honors, owó ìrànwọ́ tó ń gbà yóò sì bá a lọ. Igi ló ń rẹ́ kiri níbẹ̀, Pásítọ̀. Igi! Ṣé kí ọmọ mi lè máa rẹ́ igi ni mo ṣe ń fi òru ṣiṣẹ́?"

A pe ọmọ náà ní ọjọ́ kejì. A bá a sọ̀rọ̀ bí bàbá ti í bá ọmọ sọ̀rọ̀. A ní kí ó fi igi àti ọ̀dà sílẹ̀, kí ó di ìwé rẹ̀ mú, kí ó wá ẹ̀kọ́ tí yóò fún un ní oúnjẹ jẹ. Ó fetí sílẹ̀ títí a fi parí. "Ẹ ṣé gan-an, sà," ni gbogbo ohun tí ó sọ. A gbé fóònù sílẹ̀, a sì rò pé a ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

ILÉ ORÍ TÁBÌLÌ

Nígbà tí ìrìn-àjò gbé wa dé Maryland ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé arákùnrin yìí ni a dé sí. A kò rí ibi tí a ó gbé àwo oúnjẹ lé lórí tábìlì wọn. Ilé kékeré kan ni ó gba orí rẹ̀, tí a fi páálí àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kàn: tábìlì ìdáná tí kò ju àpótí ìṣáná lọ, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, àtẹ̀gùn, férémù ilẹ̀kùn, àti ènìyàn kan tí a fi páálí gé, tí gíga rẹ̀ kò ju íǹṣì mẹ́ta lọ.

Ọmọbìnrin náà sáré jáde láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀ kí wa. "Ẹ káàbọ̀ sà. Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo ń tún un lẹ̀ nítorí àwọn olùkọ́ tí yóò dán mi wò."

A béèrè ẹni tí ó ni ilé náà.

"Ilé Willy Loman ni, sà. Èyí tí ó tóbi ti wà lórí ìtàgé níléèwé. Ọjọ́bọ̀ ni a ó ṣí i. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni a ó tú u palẹ̀."

"Oṣù mélòó lo fi ṣe é?"

"Oṣù mẹ́jọ, sà, bí a bá kà á láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á."

A wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, a jókòó ti ọmọ náà, a sì bi í léèrè ohun tí ó yẹ kí a ti bi í ní ọdún 2022 kí a tó la ẹnu: kí ni iṣẹ́ yìí gan-an, kí sì ni Honors tí gbogbo wa ń pariwo lé lórí?

IṢẸ́ ẸNI TÍ A KÌ Í RÍ

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ ìtàgé, eré ni yóò máa ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí òṣèré tó jáde, àwọn kan ti ronú lórí ilé tí yóò dúró sí, aṣọ tí yóò wọ̀, iná tí yóò tàn sí i lójú, àti ìró tí a ó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni ọmọ yìí ń kọ́. Yóò ka eré náà ní ìgbà bíi mélòó kan kí ó tó mú pẹ́ńsù. Yóò jókòó pẹ̀lú olùdarí eré. Lẹ́yìn náà ni yóò ya ojú ìtàgé bí ẹni pé ó ń wò ó láti orí òrùlé, yóò tún yà á láti ẹ̀gbẹ́, yóò sì ya ilẹ̀kùn àti fèrèsé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ààbọ̀ íǹṣì lórí ìwé dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan lórí ìtàgé. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà fi di íǹṣì mẹ́ta lórí tábìlì oúnjẹ.

Kò parí síbẹ̀. Ẹni tó jókòó sí ìgun yàrá gbọ́dọ̀ rí ohun tí ẹni tó jókòó láàárín ń rí. Obìnrin tó wọ aṣọ gígùn gbọ́dọ̀ lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá láìkọsẹ̀. Ọ̀nà ìjáde bí iná bá ṣẹ́ yọ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Owó tí wọ́n fún un gbọ́dọ̀ tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì bọ́ sípò, òǹwòran yóò lọ sílé, kò ní mọ̀ pé ẹnì kan fi ọ̀sẹ̀ kan ronú lórí àga kan ṣoṣo.

Ẹ má rò pé nǹkan àjèjì ni iṣẹ́ yìí láàárín wa. Inú ìjọ ni Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1944, pẹ̀lú eré tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ HONORS?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń da àwa tí a wà nílé láàmú. Ní Nàìjíríà, a máa ń kọ "Honours" mọ́ oyè B.A. tàbí B.Sc., a sì ń pín in sí ipò kìíní, ipò kejì òkè, ipò kejì ìsàlẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní yunifásítì Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sábà ń pè bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ètò kan ni, nínú yunifásítì, tí a ń ṣa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n yóò tún máa jókòó sí àwọn kíláàsì kéékèèké, tí ènìyàn inú wọn kì í sábà ju nǹkan bí ogún lọ, níbi tí oníṣègùn ọ̀la, ẹlẹ́rọ ọ̀la àti aláwòrán ọ̀la yóò ti ka ìwé kan náà, tí wọn yóò sì jọ jiyàn lé e lórí. Ní ọdún ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ń béèrè iṣẹ́ àṣekágbá ńlá kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ni Frank Aydelotte, tí ó di ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ọdún 1921. Ó ti lọ kàwé ní Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó ti olùkọ́, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1922 ó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Swarthmore, ó sì ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti ìta máa wá dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wò. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn lọ sí àwọn yunifásítì ńláńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ ni.

Ní yunifásítì ọmọ wa yìí, ẹni tó bá wà nínú Honors kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí máàkì rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ 3.4 nínú 4. Ẹ fi nọ́ńbà náà sọ́kàn.

ỌMỌ ÌTÀGÉ LÁÀÁRÍN ÀWỌN ẸLẸ́RỌ

Ó sọ fún wa pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ní ọdún 2021, olúkúlùkù dìde sọ ohun tó wá kọ́. Ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ ohun alààyè. Nígbà tí ó kàn án, tí ó sì dárúkọ ìtàgé, ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ìwọ ni yóò máa bá wa ta kọ́tìnì?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó ní ilẹ̀ ìbá lanu lọ́jọ́ náà, òun ìbá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ka ìwé Plato, amòye ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí a dè mọ́ inú ihò láti kékeré, tí wọ́n kọjú sí ògiri. Iná ń jó lẹ́yìn wọn; àwọn kan ń ru nǹkan kọjá láàárín iná àti wọn; òjìji nìkan ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ń rí, wọ́n sì rò pé òjìji ni òtítọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù ń jiyàn lórí òtítọ́ àti irọ́. Ọmọ wa na ọwọ́ sókè, ó béèrè pé, "Báwo ni iná náà ṣe jìnnà sí ògiri tó?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n olùkọ́ gbé ṣọ́ọ̀kì fún un. Ó ya ihò náà sí ojú pátákó, ó fi hàn wọ́n pé bí ohun tí a rù bá ti súnmọ́ iná tó ni òjìji rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó, àti pé iná tó fẹ̀ kì í fún òjìji ní etí mímú. Nítorí náà, ẹni tó gbé iná kalẹ̀ ló ń pinnu ohun tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà yóò bẹ̀rù. Kíláàsì dákẹ́. Ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀ kọ́tìnì ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ sínú ìwé.

Nínú kíláàsì Honors mìíràn, ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìtàgé, ó ti rí i pé aṣọ pupa máa ń ṣókùnkùn bíi dúdú bí a bá tan iná aláwọ̀ ewé sí i, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Níbí ni ó ti mọ̀ pé aṣọ pupa kò ní nǹkan mìíràn láti dá padà ju pupa lọ, iná aláwọ̀ ewé kò sì gbé pupa kankan wá fún un. Ó kọ́ pé iná pupa, iná aláwọ̀ ewé àti iná aláwọ̀ búlúù, bí wọ́n bá pàdé, funfun ni wọ́n ń dà, nígbà tí ọ̀dà mẹ́ta bẹ́ẹ̀, bí a bá pò wọ́n, yóò dọ̀tí. Ó kọ́ pé bí a bá sún fìtílà sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù. Ó wí fún wa pé, "Sà, nínú ṣọ́ọ̀bù wọ́n kọ́ mi pé bó ṣe ń rí nìyí. Nínú Honors wọ́n kọ́ mi ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀."

ỌSẸ̀ TÍ GBOGBO RẸ̀ DÉ LẸ́Ẹ̀KAN NÁÀ

Ọdún kejì ni wàhálà dé. Àwọn onítàgé ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ń bẹ̀rù ju gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí òǹwòran yóò dé, nígbà tí iná, ìró, aṣọ àti ilé yóò pàdé òṣèré fún ìgbà àkọ́kọ́. Ènìyàn lè wà nínú òkùnkùn ìtàgé láti ọ̀sán títí di òru. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ni olùkọ́ Honors fẹ́ gba ìwé ojú ewé méjìlá lórí ìtàn ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà.

Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ń lò nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí kíláàsì. Ó kọ ìwé náà ní òru méjì, ó fi í sílẹ̀ láìtún un kà. Àṣìṣe kejì ló burú jù. Ó ti ya pẹpẹ kan tó ga ní íǹṣì 36, àti àtẹ̀gùn tí a ó gbà gun orí rẹ̀. Igbésẹ̀ mẹ́rin ni ó yà sí i, íǹṣì mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ ṣírò rẹ̀: íǹṣì 24 ni. Láti orí igbésẹ̀ kẹrin sí orí pẹpẹ, íǹṣì 12 ló kù, ìlọ́po méjì gbogbo igbésẹ̀ tó ti kọjá. Wọ́n kàn án bí ó ti yà á. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pa iná, òṣèrébìnrin kan tó wọ aṣọ gígùn gbé ẹsẹ̀ bí ó ti ń gbé e bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé òkè, ó sì ṣubú. Ọpẹ́ ni pé ọrùn ọwọ́ nìkan ló fi rọ́. Gbogbo iṣẹ́ dúró. Wọ́n tú àtẹ̀gùn náà ní agogo méjìlá òru, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì bá a tún un kàn.

C ni wọ́n fún un lórí ìwé ojú ewé méjìlá. Máàkì rẹ̀ bọ́ sí 3.2. Lẹ́tà dé. Bàbá rẹ̀ pe àwa. Àwa pe òun.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹlòmíràn ti pè é ṣáájú wa. Olùkọ́ ìtàgé rẹ̀ ti ní kí ó fi Honors sílẹ̀, pé iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ orogún. Àwa ní kí ó fi ìtàgé sílẹ̀. Ọmọ ogún ọdún wà láàárín, àwọn àgbà ń fà á lápá ọ̀tún, wọ́n ń fà á lápá òsì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bi í léèrè iye wákàtí tó ń sùn.

ẸNI TÓ BÉÈRÈ

Olùdámọ̀ràn kan ní ọ́fíìsì Honors ni ó béèrè. Ó gbé ìwé kan fún un, ó ní kí ó kọ gbogbo wákàtí ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, láti ìjí dé ìsùn. Nígbà tí wọ́n kà á, oorun rẹ̀ kò tó wákàtí márùn-ún lóru. Obìnrin náà kò ní kí ó fi ọ̀kankan sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó ní kí ó ṣe.

Èkíní, kí ó má ṣe gba iṣẹ́ eré tó ju ẹyọ kan lọ ní sáà kan. Èkejì, kí ó kọ ọjọ́ gbogbo iṣẹ́ méjèèjì sórí kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ó sì mú un tọ àwọn olùkọ́ méjèèjì lọ, kí wọ́n lè rí ibi tí wọn yóò ti kọlu ara wọn. Ẹ̀kẹta ni ohun tí òun kò mọ̀ pé ó wà rárá: ní irú ètò bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè bá olùkọ́ kíláàsì lásán ṣe àdéhùn pé òun yóò ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ sí i, kí wọ́n sì kà á sí Honors. Nítorí náà, kíláàsì iná orí ìtàgé tí ó fẹ́ kọ́ tẹ́lẹ̀ di kíláàsì Honors; wákàtí kan náà ṣiṣẹ́ méjì.

Ó padà sùn. Ní ìparí sáà tó tẹ̀lé e, máàkì rẹ̀ di 3.45. Lẹ́tà mìíràn dé, èyí dára.

ILÉ WILLY LOMAN

Ìwé tí ó gba C lé lórí kò sọnù. Ó tún un kọ fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó ní kó tún un kọ. Nínú rẹ̀ ni ó ti kà nípa òfin ọdún 1944 tó ran àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé lọ́wọ́ láti yá owó ra ilé, àti nípa Levittown ní New York, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé bí ẹni ń yọ búlọ́ọ̀kù ní ọdún 1947, tí ilé tó lé ní 17,000 fi dìde láàárín ọdún mélòó kan. Ó kà níbẹ̀ pẹ̀lú pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ènìyàn dúdú kò gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà jagun.

Nígbà tí ọdún ìkẹyìn dé, tí ẹ̀ka ìtàgé sì fẹ́ ṣe eré Arthur Miller tí a ń pè ní Death of a Salesman, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ojú ìtàgé rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àṣekágbá Honors òun. Eré náà jáde ní New York ní oṣù Kejì ọdún 1949. Miller ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ahéré kan sí Connecticut kí ó tó jókòó kọ ọ́ níbẹ̀. Willy Loman, ẹni ọdún 63, ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ rìn kiri tajà kí ó lè san owó ilé fún ọdún 25. Ilé gíga ti ká ilé rẹ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ ń sá padà sí ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kéré. Ní ìparí, ó pa ara rẹ̀, ó rò pé owó ìnṣọ́ránsì yóò san ju òun lọ fún ìdílé rẹ̀; ọjọ́ tí wọ́n sin ín gan-an ni ìyàwó rẹ̀ san owó ilé tó kù.

Jo Mielziner ni ó ya ilé náà ní ọdún 1949. Férémù lásán ló fi ṣe é, kí a lè rí yàrá gbogbo lẹ́ẹ̀kan. Òfin tí Miller fi lélẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti òní, ẹnu ọ̀nà ni òṣèré yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́, yóò gba inú ògiri kọjá. Gbogbo ẹni tó bá ya eré yìí lónìí ń bá ojìji Mielziner jìjàkadì. Ọmọ wa kò kọ́ ògiri rárá. Ó gbé gbogbo ilé náà sórí pẹpẹ tó ga ní íǹṣì 12, pẹ̀lú igbésẹ̀ kan yí i ká ní íǹṣì mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ òní, wọ́n ń gba férémù ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ àtijọ́, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ láti ibi tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn ilé náà, ògiri gíga mẹ́ta dúró, fèrèsé kéékèèké lára wọn, gbogbo wọn bákan náà bíi ti Levittown, iná sì ń tàn nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí alẹ́ ti ń lẹ́.

Bàbá rẹ̀ gba àyè níbi iṣẹ́, ó bá wa lọ ní Ọjọ́bọ̀ náà. Kò wọ yàrá ìtàgé ìlé-ìwé náà rí. Ní ọ̀nà lọ, ó ń sọ̀rọ̀ iye owó epo ọkọ̀. Ní ọ̀nà bọ̀, kò sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé:

"Pásítọ̀, ọdún mọ́kàndínlógún ló kù lórí tiwa."

A kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Owó ilé rẹ̀ ni. Ọdún 2014 ni ó rà á, ọgbọ̀n ọdún ni bánkì fún un. Òun náà ń fi òru san án.

Nígbà tí a dúró níbi iná pupa, ó wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀. "Ta ló kan àtẹ̀gùn yẹn?"

"Èmi ni, Dádì. Ìgbà mẹ́ta ni mo wọ̀n ọ́n."

"Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò kọsẹ̀," ó wí, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Kí a tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, àwa náà pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A sọ fún un pé ohun tí a sọ ní ọdún 2022, a sọ ọ́ láìbéèrè, kí ó sì dárí jì wá. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ kàn fẹ́ kí n jẹun ni."

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n tú ilé náà palẹ̀. Igi tó dára lọ sí àká, èyí tó bàjẹ́ lọ sí ààtàn. Ní ọjọ́ Wẹ́sídè, ó dúró níwájú olùkọ́ mẹ́ta pẹ̀lú àwọn àwòrán rẹ̀, ilé kékeré orí tábìlì, àti ìwé ojú ewé ọgọ́ta. Wọ́n bi í léèrè fún wákàtí kan àbọ̀. Ó yege. Ilé ti lọ. Ohun tí ó mọ̀ kí ó tó lè kọ́ ọ kò lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ní iṣẹ́ ọwọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ kò nílò ìwé tó jìnnà sí i. Demas Nwoko kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ó sì lọ kọ́ ìṣètò ìtàgé ní Paris kí ó tó wá kọ́ni ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti ṣe ojú ìtàgé eré Ọ̀mùtí ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọwọ́ kan náà ni ó fi ya ilé gidi lẹ́yìn náà, ní ọdún 2023 sì ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye owó rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ wákàtí yín sílẹ̀. Ẹ tètè sọ fún olùkọ́. Ẹni tí kò sùn yóò wọn igi ní àṣìwọ̀n, ẹlòmíràn ni yóò sì ṣubú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ padà ka Ẹ́kísódù orí 31, kí ẹ rí Bẹ́sálẹ́lì. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni: wúrà, òkúta, igi. Òun sì ni ìwé náà ní a fi ọgbọ́n, òye àti ìmọ̀ kún. Pátákó 48 ni ó wà lára Àgọ́ náà, ìkọ̀ọ̀kan gùn ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá, ó fẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan àbọ̀; bí ìgbọ̀nwọ́ kan bá yẹ̀, kò ní wọlé sínú ara wọn. Ilé tí a ń tú palẹ̀ ni òun náà, ní gbogbo ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ṣí lọ. Kò sí ẹni tó sọ pé iṣẹ́ asán ni Bẹ́sálẹ́lì ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín bá wá sọ ohun tí ẹ kò retí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ pe pásítọ̀. Ẹ fún un ní àga. Ẹ ní kí ó ya ohun tí ó ń sọ sórí ìwé fún yín, kí ẹ sì bi í léèrè wákàtí mélòó ló sùn lánàá. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn tán, ẹ lè wá pè wá. Àwa náà yóò kọ́kọ́ béèrè.